Àrùn Tó Ń Jẹ Ẹ̀gẹ́ Nínú Ilẹ̀ Ń Bọ̀ Lọ́nà, Àwa Sì Ń Jà Lórí GMO

Bí ẹ bá ní fóònù lọ́wọ́, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ohùn tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp yẹn. Ẹnì kan á ní kí ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ ọ, á ní àwọn òyìnbó ti fi GMO sínú oúnjẹ wa, á ní ọkùnrin ò ní lè bímọ mọ́, á sì ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹlòmíràn á gbé fídíò tirẹ̀ jáde, á ní gbogbo ẹni tó bá ń bẹ̀rù GMO ò lọ sílé ìwé. Báyìí la ṣe ń fà á láti ọdún 2019 tí ìjọba Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ lóko. Nígbà tí ti àgbàdo tún tẹ̀ lé e lọ́dún 2024, ariwo náà wá le sí i.

Èmi ò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn lónìí. Ohun tó ká mi lára ni pé bí a ṣe ń jà yìí, àrùn kan ń rìn bọ̀ láti ìlà oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀gẹ́ ló ń bá jà, a ò sì tíì jókòó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ o! Ohun tí a fi ń ṣe gààrí, fùfú àti láfún. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Bí nǹkan bá ṣe é, kò sí ilé tí kò ní í kàn, yálà ẹ ń gbé ní Lẹ́kì tàbí ní Agége.

Àrùn méjì ló ń da ẹ̀gẹ́ láàmú jù ní Áfíríkà, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà.

Àkọ́kọ́ ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́. Bí ẹ bá ń gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ìfẹ̀, ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì dáadáa. Ẹ ó rí ewé tó ká kò, tó lọ́ sápá kan, tí àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè dà pọ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ àdìrẹ tí aró rẹ̀ ò mú dọ́gba. Mosaic ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Kòkòrò funfun tíńtín kan tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ewé, tó máa ń fò bí ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ fẹ́ bí ẹ bá mi igi rẹ̀, ló ń gbé e láti igi kan dé òmíràn. Yóò fa omi ewé tó ní àrùn mu, yóò lọ fa ti èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àrùn á sì wọlé. Bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà kiri láàárín àwa èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ń ṣe láàárín ẹ̀gẹ́.

Nǹkan kan wà nípa àrùn yìí tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn tó ń pariwo "oúnjẹ àbáláyé" gbọ́. Àrùn náà ni ọmọ Áfíríkà, ẹ̀gẹ́ ni àlejò. Láti Brazil ni àwọn Potogí ti gbé ẹ̀gẹ́ wá. Fáírọ́ọ̀sì mosaic yìí kò sí ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ̀gẹ́ ti wá, ilẹ̀ wa níbí ló ti bá a pàdé. Ẹ̀gẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní oúnjẹ ìbílẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n kó wọ̀lú ni. Àwọn ìyá wa ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án, kí májèlé inú rẹ̀ tó lọ. Wọn ò sá fún àlejò náà, wọn ò sì gbé e jẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i. Irú ojú yẹn ló yẹ ká fi wo ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí.

Pé àrùn mosaic kò jẹ oko wa run, iṣẹ́ làwọn kan ṣe sí i. Ní ọdún 1971, ọmọ Korea kan tó ń jẹ́ Sang Ki Hahn dé sí IITA n'Ìbàdàn. Ṣáájú rẹ̀, láti àwọn ọdún 1930, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Tanzania lónìí ti ń fi òdòdó ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti ìbátan rẹ̀ kan, igi tí wọ́n ń gbìn fún rọ́bà, kí wọ́n lè rí ọmọ tó ní agbára lòdì sí àrùn. Irú-ọmọ iṣẹ́ yẹn dé Ìbàdàn. Hahn àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú un, wọ́n ń pò ó, wọ́n ń ṣà á, wọ́n tún ń ṣà á, títí wọ́n fi rí ẹ̀gẹ́ tí mosaic ò fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe, tó sì ń ta dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní Ìkirè, wọ́n fi ọkùnrin náà joyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ará Korea, Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní Ìkirè!

Wọn ò lo GMO rárá nínú iṣẹ́ yẹn. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ ni pé GMO nìkan ni ọ̀nà.

Àrùn kejì ni èmi ń bẹ̀rù. Brown streak lorúkọ rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì mìíràn ló ń fà á. Ilẹ̀ Tanzania yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1936. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, etí òkun ìlà oòrùn Áfíríkà àti ẹ̀bá adágún Malawi ló mọ sí, àwọn èèyàn sì rò pé kò lè gun òkè. Àfi bó ṣe di ọdún 2004 tí wọ́n rí i ní Uganda, lórí ilẹ̀ gíga tó jìnnà sí òkun. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn: ó dé ìwọ̀ oòrùn Kenya, ó dé Rwanda àti Burundi, ó sì ti wọ Congo. Kò tíì dé Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka "kò tíì dé" bíi pé "kò ní í dé" ni mo kọ.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣọṣẹ́ ló burú jù. Mosaic máa ń pariwo ara rẹ̀, ojú ewé lẹ ó ti rí i. Ní ti brown streak, ewé lè tutù yọ̀yọ̀, igi lè ga, kí àgbẹ̀ máa yọ̀ pé ọdún yìí á dáa. Ọjọ́ tó bá fa ẹ̀gẹ́ tu, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n là á, ni wọ́n á tó rí i pé inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó gbẹ, ó le bí èèpo igi. Kò ṣe é yan ní gààrí, kò ṣe é rẹ fún fùfú. Owó ìroko, owó àjílẹ̀ àti oṣù mẹ́wàá tàbí ọdún kan tí ẹ̀gẹ́ fi wà nílẹ̀ bá lọ.

Kòkòrò funfun yẹn kan náà ló ń gbé àrùn yìí láti igi dé igi. Àmọ́ kì í gbé e lọ jìnnà, torí kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ta ló wá ń gbé e kọjá ibodè láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì? Àwa èèyàn ni. Igi ẹ̀gẹ́ la ń gé gbìn. Bí igi tí ẹ gé bá ní àrùn, gbogbo oko tí ẹ bá gbìn ín sí ti gbà á nìyẹn. Ẹnì kan á di igi ẹ̀gẹ́ bíi mélòó kan sẹ́yìn ọkọ̀ láti fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, láìmọ̀ pé ogun ló dì sínú ọkọ̀. Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwùjọ àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní WAVE, tí olú rẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire, ti ń ṣọ́nà láti nǹkan bí ọdún 2015, títí kan Nàìjíríà, Benin àti Togo. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àwa ti gbọ́ tipẹ́. Ṣé a gbọ́n ni mò ń bèèrè.

Kí ló dé tí a ò kàn ní kí IITA tún ṣe bíi ti ìgbà Hahn? Wọ́n ń gbìyànjú ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó lè dúró gbọn-in lójú brown streak ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín èyí tó wà ní Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n rí, ó kàn máa ń fara dà á ni, àrùn náà ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan láti Jámánì kọ̀wé pé àwọn rí irú mélòó kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà tí fáírọ́ọ̀sì náà ò lè ràn. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí wọ́n tó fi òdòdó wọn pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́ wa, kí wọ́n tó ṣa ọmọ tó ń ṣe gààrí tó dáa, ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ẹ̀gẹ́ kì í yára tan òdòdó, òmíràn kì í tilẹ̀ fẹ́ tan án rárá.

Ibí ni yíyí àbùdá padà ti wọlé. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi, torí ohun tí kò yéni ló máa ń bani lẹ́rù jù.

Gbogbo ewéko ló ní ẹ̀ṣọ́ nínú ara rẹ̀. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń wá ìwé àṣẹ tí fáírọ́ọ̀sì gbé wá, á sì gé e sí wẹ́wẹ́ kó má baà ríṣẹ́ ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa ń pẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tó dá olè mọ̀, olè á sì ti gba ilé kan kí wọ́n tó lù ú. Ohun tí àwọn onímọ̀ wá ṣe ni pé wọ́n gé bíńtín lára ìwé àṣẹ fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n fi sínú àbùdá ẹ̀gẹ́. Bíńtín yẹn ò lè dá àrùn sílẹ̀. Bí ìgbà tí ẹ bá lẹ àwòrán olè mọ́ géètì ládùúgbò ni. Olè ò tíì dé, gbogbo mẹ́gàádì ti mọ ojú ẹ̀. Ọjọ́ tó bá yọ, wọ́n á gbá a mú ní ẹnu ọ̀nà.

Àjọ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti ìjọba Kenya àti ti Uganda ló gbé iṣẹ́ yìí ṣe pẹ̀lú ilé ìwádìí Danforth tó wà ní St. Louis l'Amẹ́ríkà. Àwòrán olè méjì ni wọ́n lẹ̀, torí oríṣi fáírọ́ọ̀sì méjì ló ń fa brown streak. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àjọ tó ń mójú tó ààbò irú nǹkan báyìí ní Kenya fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ìjọba wọn ti fòfin de oúnjẹ GMO láti 2012. Nígbà tí wọ́n mú òfin náà kúrò ní 2022, àwọn aráàlú kan gbé wọn lọ sí kóòtù. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni ariwo ti ń sọ.

Ẹ óò ní: "Ìyẹn ṣì jẹ́ àlá. Níbo ni irú nǹkan yìí ti ṣiṣẹ́ rí?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Hawaii, lára ìbẹ́pẹ.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń bá ìbẹ́pẹ jà, kòkòrò kéékèèké mìíràn tó ń fa omi ewé mu ló ń gbé e kiri. Ó ti lé àwọn àgbẹ̀ kúrò ní erékùṣù Oahu, wọ́n sì kó lọ sí agbègbè Puna ní erékùṣù mìíràn, níbi tí àrùn ò tíì dé. Ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Hawaii, Dennis Gonsalves, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Cornell, wò ó pé àrùn tó wà ní ìlú tó múlé ti Puna ò ní í jókòó sójú kan. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí oko Puna ṣì ń so wọ̀ǹtì-wọnti. Ní oṣù kẹrin ọdún 1992, wọ́n gbin ìbẹ́pẹ tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà sóko láti dán an wò. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn gan-an, àrùn wọ Puna. Oṣù kan péré!

Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn-ún gbọ́. Puna tó kó mílíọ̀nù 53 pọ́n-ùn ìbẹ́pẹ jáde ní 1992, mílíọ̀nù 26 péré ló kó jáde ní 1998. Àwọn àgbẹ̀ ń gé igi wọn lulẹ̀. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1998 yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín irúgbìn tuntun fún àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Rainbow ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ìbẹ́pẹ padà sí Puna, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ títí dòní.

Ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí ni oṣù kan yẹn. Ká ní ọjọ́ tí àrùn wọlé ni Gonsalves ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó láti ronú ni, kí ni wọn ì bá pín fún àgbẹ̀ ní 1998? Irú iṣẹ́ yìí máa ń gba bí ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìyá aláàárí bá ń sunkún lójú agbada kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mi ò sì ní í fi pamọ́ fún yín.

Lákọ̀ọ́kọ́, ìbẹ́pẹ Hawaii yẹn ò lè dúró níwájú ọ̀pọ̀ nínú fáírọ́ọ̀sì ìbẹ́pẹ tó wà ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, torí ojú olè tibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Hawaii. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ ò kì í yẹni, bí kò fún ni lápá, á ṣoni lọ́rùn. Bí a bá fẹ́ ẹ̀gẹ́ tó máa dúró lọ́dọ̀ wa, fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ ọ̀dọ̀ wa la máa fi dán an wò, ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ibí ń gbìn ni wọ́n sì máa lò.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ ọjà wà níbẹ̀. Japan tó ń ra ìbẹ́pẹ Hawaii kò gba ti tuntun wọlé títí di oṣù kejìlá ọdún 2011. Fún ọdún mẹ́tàlá, ẹni tó bá fẹ́ tà fún Japan ní láti gbin ti àtijọ́ lọ́tọ̀, kó sì máa ṣọ́ ọ kó má pò mọ́ tuntun.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìfọkàntán. Ní Thailand, wọ́n ń dán irú ìbẹ́pẹ bẹ́ẹ̀ wò lóko ìjọba. Nígbà tó di ọdún 2004, wọ́n rí i lóko àwọn àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i. Àwọn aráàlú bínú, ìjọba sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé ìbẹ́pẹ náà pa ẹnikẹ́ni o. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ fáráàlú ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin ló kan ẹ̀gẹ́ gan-an. Ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TME 3. Ó ní agbára àdánidá lòdì sí mosaic, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni wọ́n ti gbà á. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ kọ̀wé pé bí wọ́n bá gba irú ẹ̀gẹ́ tó ní agbára yẹn kọjá nínú ìgò yàrá ìwádìí, lọ́nà tí wọ́n ń gbà yí àbùdá padà, agbára náà máa ń lọ. Ẹ̀gẹ́ bọ́ lọ́wọ́ brown streak, mosaic tún gbé e! Wọ́n ń wá ọgbọ́n sí i, àmọ́ ó yẹ kó kọ́ wa pé a kì í torí olè tuntun ṣí ilẹ̀kùn fún olè àtijọ́.

Ẹ wá gbọ́ èsì mi sí àwọn tó ń bẹ̀rù fún ara wọn. Ṣé jíjẹ ẹ̀gẹ́ tó ní bíńtín fáírọ́ọ̀sì nínú ò léwu? Ẹ rántí pé odindi fáírọ́ọ̀sì mosaic la ti ń jẹ nínú ewé àti nínú ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ewéko ló ń bá jà, kì í bá èèyàn jà. Ọ̀dùnkún tí ẹ ń sè jẹ ńkọ́? Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ rí i pé àbùdá kòkòrò bakitéríà kan ti wà nínú rẹ̀ láti ayébáyé, kò sí òyìnbó kankan tó fi síbẹ̀. Síbẹ̀ náà, mi ò ní kí ẹ gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán. Kí wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lórí tirẹ̀, kí wọ́n sì gbé àbájáde jáde ní gbangba. Ìdí tí òfin 2015 fi dá àjọ tó ń mójú tó ààbò nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ l'Abuja nìyẹn.

Ìbẹ̀rù kan wà tí èmi kà sí ìbẹ̀rù gidi: ta ló máa ni igi ẹ̀gẹ́ náà? Ní ilẹ̀ Yorùbá, igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́dọọdún. Ẹ bá aládùúgbò yín lóko, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gẹ́ yín yìí dáa o," á gé díẹ̀ fún yín, ó parí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá wá sọ pé ẹni tó bá gé igi fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jalè, wọ́n ti ba nǹkan tó ju ẹ̀gẹ́ lọ jẹ́. Ní Hawaii, kí irúgbìn tó jáde, àwọn àgbẹ̀ ìbẹ́pẹ tipasẹ̀ ẹgbẹ́ wọn bá àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ náà dúnàádúrà, wọ́n fọwọ́ síwèé, nǹkan náà sì di tiwọn láti máa gbìn. Kí wọ́n tó pín in ni wọ́n ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí èmi ń fẹ́ rèé.

Kí ìjọba àti àwọn ìpínlẹ̀ wa má fi ọ̀rọ̀ igi ẹ̀gẹ́ tó ń wọlé láti ìta ṣeré mọ́. Wọ́n ń yẹ àpò wa wò ní pápákọ̀ òfurufú nítorí bọ́ńbù. Igi ẹ̀gẹ́ kan tó ní àrùn lè ṣe ju bọ́ńbù lọ. Kí àgbẹ̀ sì mọ ibi tó ti lè rí igi tó mọ́ rà tàbí gbà. Èyí kò ní GMO kankan nínú, òun ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jáde.

Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí lórí ẹ̀gẹ́ tiwa, ní IITA, ní ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Umudike àti ní àwọn yunifásítì wa, pẹ̀lú owó ìlú. Kí wọ́n lo ọ̀nà méjèèjì, fífi òdòdó pọ̀ àti yíyí àbùdá padà, kí ọ̀kan máa kín èkejì lẹ́yìn. Mi ò ní kí wọ́n gbìn ín lóko àgbẹ̀ lọ́la. Mo ní kó wà nílẹ̀, kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kí ọjọ́ ibi tó dé. Bí àrùn náà ò bá dé láéláé, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ká sì ka owó tí a ná sí owó ọdẹ.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àgbẹ̀ lè gé igi ẹ̀gẹ́ náà fún ara rẹ̀ àti fún ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, láìsan kọ́bọ̀.

Kí wọ́n sì pe àwọn tó ń yan gààrí sí i. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè mọ̀ bóyá ẹ̀gẹ́ ní àrùn, àmọ́ ìyá tó ti fi ogún ọdún jókòó ti agbada ló mọ̀ bóyá ó ń wú nínú omi, bóyá ó kan dáadáa, bóyá ẹ̀bà rẹ̀ ń fà. Kí wọ́n bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá, ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí gbogbo ẹ̀ l'Abuja. Bí àwọn ìyá yẹn bá ní kò dáa, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù nínú dáńfó tàbí nídìí iṣẹ́, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Nígbà míì tí wọ́n bá tún fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí yín, yálà ó ń bú GMO ni o, tàbí ó ń yìn ín, ẹ má kàn fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́rin. Irúgbìn wo ni? Àrùn tàbí kòkòrò wo ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é? Ta ló ni í? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, níbo la ti lè ka ohun tó rí? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ohùn náà kú sọ́wọ́ yín.

Ẹni tó bá lówó á rí ìrẹsì rà lọ́jọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá di àwáàrí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi omi tútù mu gààrí kó lè kàwé mọ́jú, kí ni yóò rà? Òun ni mo kọ èyí fún. Àrùn náà ṣì wà lọ́nà, kò tíì kan ilẹ̀kùn. Àkókò tó kù yẹn, owó tó tóbi jù tí Ọlọ́run fún wa lórí ọ̀rọ̀ yìí ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká ná an tán sórí WhatsApp.